Ìlà Tí Mo Fún Tíńtín

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Ẹgbẹ́ ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé ní ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìdíje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ilé náà kò ní í wọ omi. Ọmọbìnrin mi ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò gba òun láyè, pé ọjọ́ Àbámẹ́ta gan-an ni àwọn aláìsàn máa ń rántí pé ara ń ro àwọn. Ló bá wò mí. Mo ní kí ló dé tó ń wò mí bí ẹni tó rí àga tó ṣófo. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú lẹ ṣófo nílé yìí." Èmi tí mo fi orí ru sìmẹ́ńtì kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù kan, kí n tó ní ìkejì, kí n tó kọ́ ilé tí gbogbo wa ń gbé. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbà. Ìwé tí mo kà kò ju ìwé kejì lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé ló ń gba owó oṣù lọ́wọ́ mi. Kí ló wà nínú omi tí n ò ní lè ṣe?

Ọmọ ọmọ mi ni ọ̀rọ̀ kàn. Tíńtín ni mo ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ara rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ọdún méje lọ. Lọ́dún tó kọjá wọ́n fi í ṣe adípò nínú ìdíje ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìyẹn èyí tí ọmọ mẹ́rin ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ara wọn, tí oníkálukú sì ní irú ìlúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ara gbogbo wọn yá gágá lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, ló bá fi àárọ̀ di alẹ́ ṣọ́ bàtà àwọn tó wọ omi. Lọ́dún yìí òun ló fẹ́ kọ́kọ́ wọ omi, kó fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́. Ó sọ fún mi lórí oúnjẹ pé bí wọ́n bá tún fi òun ṣọ́ bàtà, òun kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Kò pariwo. Ó ń jẹun lọ ni.

Mo bá a lọ nírọ̀lẹ́. Omi náà mọ́ bíi gíláàsì, ó ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Okùn tí wọ́n sín rọ́bà pupa àti funfun sí pín in sí ìlà mẹ́fà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni Kóòṣì wọn, fèrè kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ọmọ sáré, a fọn ọ́n. Bó bá fẹ́ kó dúró, a fọn ọ́n. Àwọn ọmọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo bi Kóòṣì pé ṣé òní ni wọ́n máa rí i. Ó ní kí ni. Mo ní ohun tí wọ́n ń wá. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

A ra fìlà rọ́bà àti awò tí wọ́n ń fi bo ojú nínú omi. Ọlọ́jà ní iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn náà ni iye rẹ̀. Mo ní èmi náà ń tajà, kò sí iye tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. A fà á títí àwọn tó tò sẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ó yọ díẹ̀ kúrò, ó sì fi àpò kékeré kan ṣe èènì. Tíńtín lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Nígbà tí a jáde ó ní ojú ti òun. Mo ní ojútì kì í ra awò.

Owó epo ọkọ̀ tún ti lé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìdíje àkọ́kọ́. Èrò mi ni pé àwọn ọmọ á kàn bẹ́ sómi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gba ife, a ó sì máa lọ sílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pàdé. Ìlà kìn-ín-ní, ìkẹta àti ìkarùn-ún jẹ́ ti àlejò. Ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà jẹ́ tiwa. Àwọn tó kéré jù á kọ́kọ́ wẹ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, títí dé orí àwọn tó ti ń hu irùngbọ̀n. Bí wọ́n bá fi àyà wẹ̀ tán, wọ́n á tún fẹ̀yìn wẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn náà bíi labalábá. Wọ́n fi yíǹkì kọ ìlà oníkálukú sí i lápá, torí ọmọdé kì í rántí. Lẹ́nu ìlà kọ̀ọ̀kan ni àwọn àgbà dúró sí pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Ohun tí aago bá sọ, wọ́n á kọ ọ́ sí bébà ìlà náà, ọmọ kan á sì gbé e sáré lọ bá Ìyá Aláago nídìí tábìlì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yẹn. Ohùn rẹ̀ kò nílò gbohùngbohùn, síbẹ̀ wọ́n fún un ní ọ̀kan.

Aago ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Àtàǹpàkò mi ti yi lẹ́nu iṣẹ́, bọ́tìnnì náà kò sì ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Nígbà tí fèrè dún, mo tẹ̀ ẹ́, kò mira. Mo tún un tẹ̀, ó gbéra. Nígbà tí ọmọ dé, mo tẹ̀ ẹ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ìyá Aláago béèrè iye ìlà kejì. Mo ní ọmọ náà yára. Ó ní yíyára kì í ṣe iye. Ó gba aago lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ síbi àga.

Ibi àga ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí kó tó kàn wọ́n, a ó tò wọ́n bí ìlà wọn ṣe tò, a ó sì kó wọn lọ sí etí omi bí fèrè bá dún. Ọ̀kan fẹ́ tọ̀, ọ̀kan ń sunkún, ọ̀kan ti fi awò sínú bàtà ẹlòmíràn. Èmi tí mo ti to ẹrù sínú ọkọ̀ ńlá kí wọ́n tó bí ìyá wọn! Mo pín wọn, mo dá wọn jókòó, kò sí èyí tó pẹ́. Nígbà tí oòrùn yẹ̀, Ìyá Aláago wá, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun." Mo ní mo mọ̀.

Tíńtín ṣe ipò kẹta nínú ìfẹ̀yìnwẹ̀. Ọmọ oníkẹ́míìsì, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́, ló ṣe ìkejì. Àwọn àlejò borí wa. Kò sẹ́ni tó kú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má wá. Àwọn tó fẹ́ wọ omi ń sá fún omi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo jókòó, mo wo Tíńtín dáadáa. Agbára wà lápá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń da omi rú bí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lọ tààrà. Bó bá ti dojú kọ òkè, a yà sọ́tùn-ún, a kọlu okùn, a yà sósì, a tún kọlu okùn. Apá rẹ̀ ti bó. Ọmọ oníkẹ́míìsì kò lágbára tó o, ṣùgbọ́n ó ń lọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé. Mo pe Tíńtín, mo sọ fún un pé kó máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bákan náà. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin mọ omi wẹ̀ ni?" Mo ní mo ti sọdá odò tó pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Ó ní nínú kí ni. Mo ní nínú ọkọ̀. Ó padà sínú omi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn nílé wọn. Ìdíje kò tíì dé àárín nígbà tí àrá sán. Bí àrá bá ti sán, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ jáde, kí a sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Bó bá tún sán, ìdúró tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. A kó sábẹ́ òrùlé bí adìyẹ. Ọmọkùnrin kékeré kan sọnù nínú àwọn tí mo ń tò, ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọgbà wọn lulẹ̀. Èmi ni mo rí i, ó ti sùn lọ lábẹ́ òkìtì táwẹ̀lì. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. Mo jẹ́ kó mọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíńtín ṣe ìkejì. Ọmọ oníkẹ́míìsì ṣe ìkẹta. Wọ́n ti dọ́gba báyìí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Kóòṣì kó wọn jọ, ó ní ẹni tí aago rẹ̀ bá dára jù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn wẹ̀ nínú ẹlẹ́ni mẹ́rin nígbà àpapọ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo. Ẹnì kejì á ṣe adípò. Nígbà tí a délé, Tíńtín jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó jẹ tèmi díẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀dọ̀ wa ni ìdíje ti wáyé. Oòrùn mú débi pé ilẹ̀ kọnkéré ń jó ẹsẹ̀. Mo ti débẹ̀ kí Ìyá Aláago tó dé. Wọ́n fún mi ní bébà. Mo wo ìfẹ̀yìnwẹ̀ àwọn ọmọbìnrin: Tíńtín, ìlà kẹrin. Ní ìlà kìn-ín-ní, ọmọ àlejò kan tí mo rí nígbà tí wọ́n ń na ara nínú omi láàárọ̀. Ó ń wẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ sómi.

Mo rò ó. Ta ni yóò mú ọmọ tó yára, kó sọ ọ́ sáàárín bí ẹran inú búrẹ́dì? Nínú òwò mi, ọjà tó dára jù ni a ń gbé síwájú. Ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ tò ló ń kọ́kọ́ lọ. Mo ní àṣìṣe ẹni tó kọ bébà ni. Mo fi itọ́ àti áńkáṣíìfù nu yíǹkì apá Tíńtín, mo kọ ọ̀kan sí i. Mo kọ ẹ̀rin sápá ọmọ àlejò. Tíńtín wo apá rẹ̀, ó wò mí, ó la ẹnu. Mo ní, "Máa lọ. Bàbá rẹ mọ ohun tó ń ṣe." Ó lọ.

Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Tíńtín lọ tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ìgbà tí wọ́n bá so okùn mọ́ ọn tí wọ́n ń fà á. Ó fọwọ́ kan ògiri tán kí àwọn yòókù tó dé tòsí. Mo sọ fún ẹni tó dúró tì mí pé ọmọ mi nìyẹn. Mo sọ fún ẹni tó tẹ̀lé e. Mo sọ fún ẹni tó ń ta omi tútù.

Gbohùngbohùn dún. Ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní ni ọmọ àlejò, ìlà kìn-ín-ní. Tíńtín, ìlà kẹrin, ló kẹ́yìn.

Àwọn àlejò hó. Ọmọ wọn náà bú sẹ́kún, ó ní òun kọ́. Kóòṣì wa sáré lọ sídìí tábìlì. Àwọn tó di aago mú ní ìlà kìn-ín-ní ní àwọn kò purọ́, ohun tí àwọn rí ni àwọn kọ. Kóòṣì àwọn àlejò ní ohun tí a bá ti kọ, a ti kọ ọ́. Wọ́n ń na ìka síra wọn lójú. Mo bá rọra lọ bá wọn, mo ní ariwo kò kan eléyìí, èmi ni mo yí wọn padà. Mo sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìyá Aláago yọ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ìlà kìn-ín-ní ni ipò ọlá?"

Mo ní ta ni ọ̀kan kò yé.

Ó gbé gbohùngbohùn sílẹ̀ kó tó dá mi lóhùn, mo kíyè sí ìyẹn. Ó ní àárín ni wọ́n ń fi àwọn tó yára sí, kí wọ́n lè máa rí ara wọn, àti pé omi tó bá kọlu ògiri máa ń padà wá ta ẹni tó wà létí. Mo ní wọn ì bá ti kọ ọ́ síbi tí ojú á ti rí i. Ó ní ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀kùn fún mi pé ẹsẹ̀ ni kí n fi wọlé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró gbọnin.

Wọ́n fagi lé eré náà. Wọ́n ní àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tún un wẹ̀ lẹ́yìn gbogbo eré. Tíńtín sì tún ti wọ omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dìgbà náà. Wọ́n fi í sí ìlà kẹrin. Ó kọlu okùn lọ́tùn-ún, ó kọlu okùn lósì. Ọmọ oníkẹ́míìsì ṣe ìkejì, Tíńtín ṣe ìkẹrin. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí. Mo ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe.

"Bàbá àgbà, mo fẹ́ sọ fún yín nígbà yẹn. Ẹ ní kí n máa lọ."

Mo wa ọkọ̀ délé.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọmọbìnrin mi kí mi káàárọ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Oúnjẹ mi wà níbi tó máa ń wà, ó gbóná, wọ́n dé e. Kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò sẹ́ni tó ní kí n wá, mo lọ. Kóòṣì jíṣẹ́ Ìyá Aláago fún mi: bàbá onígbàjámọ̀ kan tí ọmọ tirẹ̀ náà wà nínú ẹgbẹ́ ni yóò máa tọ́jú ibi àga láti ìsinsìnyí lọ. Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Mo ní kò burú. Bàbá onígbàjámọ̀ wá dán iṣẹ́ náà wò, ọmọ méjì fi ara wọn ṣe pàṣípààrọ̀ níwájú rẹ̀, kò rí i. Mo lọ mu omi.

Ìdí ẹ̀rọ omi mímu ni Tíńtín ti bá mi sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti Àbámẹ́ta. Ó ní kí n gbójú sókè. Ó ní kí ni mo rí. Mo ní sánmà.

"Èmi náà. Sánmà nìkan ni. Àmọ́ ní ìlà kìn-ín-ní, mo ń rí etí òrùlé àwọn òǹwòran. Òun ni mo tẹ̀ lé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo dìde, mo fẹ́ lọ sọ fún Kóòṣì lójú ẹsẹ̀. Ó di apá aṣọ mi mú.

"Ẹ má bá mi sọ ọ́. Èmi ni màá sọ ọ́."

Mo jókòó padà. Èmi tí mo ti bá àwọn agbowó orí sọ̀rọ̀ nítorí ogójì ènìyàn tí wọ́n sì gbọ́! Mo jókòó. Ó lọ bá Kóòṣì. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, tó ń na án sókè, tó ń fi í fa ìlà nínú afẹ́fẹ́. Kóòṣì yọ fèrè lẹ́nu kó lè gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Kóòṣì dán àwọn ọmọ méjèèjì wò. Láàárín, ọmọ oníkẹ́míìsì ló yá jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Tíńtín fi í sẹ́yìn dáadáa. Níbi àpapọ̀, ṣíṣẹ́ kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké ìlà, torí kò sí ẹgbẹ́ tó gba aago ẹgbẹ́ kejì gbọ́. Kóòṣì ní bí kèké bá gbé wa sétí, Tíńtín ni. Bó bá gbé wa sáàárín, ọmọ oníkẹ́míìsì ni. Àwọn méjèèjì gbà. Ìyá ọmọ oníkẹ́míìsì béèrè bóyá èmi ni mo dá irú ìdájọ́ yìí. Mo ní rárá, ó ṣe mí bíi pé kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ

Ara ilẹ̀ tutù díẹ̀. Ọjà tà. Tíńtín ní àyà òun kò já. Mi ò bi í.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ẹgbẹ́ mẹ́fà, adágún tí a kò dé rí. Ọmọbìnrin mi gba àyè níbi iṣẹ́, òun ló di aago mú fún ilé wa. Èmi kò níṣẹ́, ẹ̀yìn okùn ni wọ́n ní kí n wà pẹ̀lú àwọn òǹwòran. Mo gbé àga tèmi lọ. Kò sí àga tó dára tó o níbẹ̀.

Inú fìlà rọ́bà ni wọ́n da bọ́ọ̀lù kéékèèké sí. Kóòṣì fọwọ́ wọ̀ ọ́, ó mú ọ̀kan, ó wò ó, ó na ìka mẹ́fà sókè. Ìlà kẹfà. Etí ni. Ọmọ oníkẹ́míìsì kò ráhùn, òun ló bá Tíńtín fa fìlà bo etí.

Ṣùgbọ́n mo rí i tí Tíńtín ń wòkè. Ẹ̀gbẹ́ ìlà kìn-ín-ní ni òrùlé wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹfà, ọgbà ni, lẹ́yìn ọgbà, sánmà ni. Kóòṣì náà rí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, kò jìnnà sí mi, ó ní bí kò bá fẹ́ ẹ, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kó sọ ọ́ kí òun fún ẹnì kejì. Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

Tíńtín rìn lọ sí etí ìlà kẹfà, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, ó tẹ́ apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ó ń wòkè. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ọmọ ti dákú. Obìnrin tó jókòó tì mí ní irú ọmọ ta nìyí. Mo ní ọmọ mi ni. Tíńtín yí orí díẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i díẹ̀ sósì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kù lórí kọnkéré bí ẹni tó kùn ún.

"Òpó iná mẹ́ta wà lẹ́yìn ọgbà," ó ní. "Wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Màá wẹ̀ ẹ́."

Wọ́n wọ omi, wọ́n di irin mú, wọ́n ká ẹsẹ̀ mọ́ ògiri. Fèrè dún. Ó lọ. Ó ń lọ tààrà. Mo ti dìde kúrò lórí àga dáadáa yẹn láìmọ̀. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà, mo rí i kí ó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbá okùn, rọ́bà ta sókè. Mo di okùn iwájú mi mú. Orí rẹ̀ mì díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan. Ó rí i. Ó padà sójú ọ̀nà, kò tún yà mọ́ títí ó fi fọwọ́ kan ògiri. Ipò kẹta. Ẹni tó kàn fò ré orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí gbogbo wọn wẹ̀ tán, ẹgbẹ́ wa ṣe ìkẹrin. Ìkẹrin kì í gba nǹkan kan.

Ó jáde, ó wá bá mi lẹ́bàá okùn, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ rí i?"

Mo ní mo rí i, ó gún régé bí okùn tí bíríkìlà ta.

"Mo fọwọ́ gbá okùn lẹ́ẹ̀kan."

Mo ní mi ò rí ìyẹn o, ojú àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Irọ́ ni mo pa. Ojú mi dá ṣáká. Kò sí ẹni tó ríran jù mí lọ níbẹ̀ lónìí.